Ìdajì Ohun Tí Ara Lè Gbé

Àwọn méjèèjì ló jọ ń kun ilé, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ẹ̀gbọ́n ló ń gun àkàbà. Àbúrò ló ń wọn ògiri, òun ló ń po ọ̀dà, pẹ́ńsùlù kan kì í sì í kúrò lẹ́yìn etí rẹ̀. Nítorí pẹ́ńsùlù yẹn ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe sọ ọ́ ní Akọ̀wé nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé wọn, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára débi pé ìyá tó bí i lọ́mọ pàápàá kò pè é ní nǹkan mìíràn mọ́.

Ìyàwó náà ní orúkọ tirẹ̀. Ilé ìfọṣọ tó ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì fún ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́, òun sì ni olórí àwọn tó ń lọṣọ níbẹ̀. Aṣọ tí wọ́n bá lọ̀ tó ṣì hunjọ, ó ń dá a padà ni, kò sí ẹ̀bẹ̀. Sájẹ́ǹtì ni wọ́n ń pè é. Ọkọ rẹ̀ gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì gbé orúkọ náà wálé. Sájẹ́ǹtì ju Akọ̀wé lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó bá Akọ̀wé nílé ni, nítorí náà "ẹ" ló fi ń bá a sọ̀rọ̀. Akọ̀wé náà ń fi "ẹ" dá a lóhùn nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọkọ a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí àwọn méjì tó wá tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn.

Ibà kan ló da gbogbo rẹ̀ rú. Ó kọ lu Akọ̀wé, ó sì lọ bí ibà ṣe ń lọ, ṣùgbọ́n àárẹ̀ tó bá a wá kò bá a lọ. Bó bá ti gun àkàbà díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Bó bá fi agídí ṣiṣẹ́ lónìí, kò ní lè dìde lọ́la àti lọ́túnla. Ó sùn títí, ó jí, ó sì rẹ̀ ẹ́ ju bó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó sùn lọ. Àwọn dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n yẹ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ wò, wọn ò rí nǹkan kan. Ẹni tó gbẹ̀yìn nínú wọn ló sọ fún un pé irú àìsàn bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́, àárẹ̀ tí oorun kì í mú lọ, pé kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe èrò ọkàn lásán. Ó ní kò tíì sí oògùn rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Ó dáa. Sinmi. Mo wà níbẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe. Òun ló ń gun àkàbà, òun ló ń po ọ̀dà, òun ló ń gbé korobá. Láàárọ̀, kó tó lọ síbi iṣẹ́, á yà sí ojú fèrèsé àbúrò rẹ̀ nílé ìyá wọn, á kan gíláàsì.

"Báwo ni bátìrì lónìí?"

"Ó kù díẹ̀."

"Fi í sí ṣájì. Mo ń lọ."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n dé láti ibi iṣẹ́, ó jókòó sórí àga nínú pálọ̀ rẹ̀ kó bọ́ bàtà. Ó bọ́ ọ̀kan. Kò bọ́ ìkejì. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ó rò pé ó sùn ni, ó tiẹ̀ ń rọra rìn kó má baà jí i.

Dókítà sọ pé ọkàn rẹ̀ ti ní àbùkù láti ìgbà pípẹ́, àbùkù tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Sájẹ́ǹtì tẹ́tí sí i títí ó fi parí ọ̀rọ̀, ó wá béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo. "Ṣé iṣẹ́ àṣejù lè dá kún un?"

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀," ni dókítà wí. "Ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀."

Apá àkọ́kọ́ nínú ìdáhùn yẹn ni Sájẹ́ǹtì mú jáde nínú yàrá náà. Kò sọ ọ́ síta fún ẹnikẹ́ni. Ó sin ọkọ rẹ̀, ó kí gbogbo ẹni tó wá kí i, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ nílé ìfọṣọ. Ṣùgbọ́n kò yà sílé ìyá ọkọ rẹ̀ mọ́, bó bá sì pàdé Akọ̀wé, "ẹ káàárọ̀" lásán ni, ojú rẹ̀ á ti kọjá lára rẹ̀ kó tó pè é tán.

Ní ti Akọ̀wé, ọ̀fọ̀ náà fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àìsàn rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí i lára. Láti bẹ́ẹ̀dì dé ilé ìwẹ̀ di ìrìn àjò. Ìyá wọn ní tirẹ̀ kò lè jókòó. Ó ń gbálẹ̀ tó ti gbá, ó ń fọ abọ́ tó mọ́. Òun ló gbọ́ nílé ìwòsàn àdúgbò pé obìnrin kan tó ti ṣe nọ́ọ̀sì rí ń kọ́ àwọn tí èèyàn wọn kú tí ara wọn sì ń rẹ̀ ní eré ìdárayá kan, eré jẹ́jẹ́, nínú yàrá ẹ̀yìn ilé ìkàwé. Ó lọ bá Sájẹ́ǹtì nílé, ìdúró ló wà tó fi bá a sọ̀rọ̀.

"Ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ. Bá mi máa gbé e lọ."

Sájẹ́ǹtì wo ìyá ọkọ rẹ̀. "Màmá, nítorí yín ni o."

"Nítorí ẹni yòówù kó jẹ́. Ṣáà gbé e lọ."

Ọkọ̀ iṣẹ́ àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni, akẹ́rù kékeré kan tí ọ̀dà oríṣiríṣi ti ta sí lára ìjókòó rẹ̀. Wọn ò sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Sájẹ́ǹtì gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkàwé, ó ní òun á máa retí rẹ̀ níta.

Yàrá náà kò tóbi. Àga wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ jókòó, ẹní nípọn-nípọn sì wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ dùbúlẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ wa bọ́ọ̀sì, tí ìyàwó rẹ̀ kú lọ́dún tó kọjá, ti nà gbalaja sórí ẹní, ó sì ti ń hanrun. Nọ́ọ̀sì náà kúrú, ohùn rẹ̀ sì relẹ̀ débi pé èèyàn ní láti dákẹ́ kó tó gbọ́ ọ.

"Níbí," ló wí, "ìdajì ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ ṣe. Bí apá yín bá lè dé òkè orí, ẹ jẹ́ kó dúró ní èjìká. Bó bá sì jẹ́ pé èjìká ló lè dé, ẹ kàn rò ó lọ́kàn pé ẹ gbé e. Mi ò fẹ́ akínkanjú kankan níbí."

Ọ̀rọ̀ náà dun Akọ̀wé. Èèyàn tó ti kun ilé alájà mẹ́ta rí, wọ́n ní kó wá rò ó lọ́kàn pé òun gbé apá! Ṣùgbọ́n ó jókòó. Ó gbé ọwọ́ kan lé àyà, ó gbé èkejì lé ikùn gẹ́gẹ́ bí obìnrin náà ti wí, ó mí wọlé, ó rọra mí síta. Nígbà kẹta tí èémí náà ń jáde, ọkàn rẹ̀ padà sínú pálọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló rí, ẹsẹ̀ tí ìbọ̀sẹ̀ nìkan wà lára rẹ̀, bó ṣe rí i lọ́jọ́ tí wọ́n pè é. Ó dìde, ó di ògiri mú, ó bá ẹnu ọ̀nà lọ.

Sájẹ́ǹtì yí gíláàsì ọkọ̀ sílẹ̀. "Ó ti parí ni?"

"Rárá."

"Kí ló wá dé?"

"Wọ́n ní kí n máa mí."

"Wọ́n ní kí ẹ máa mí." Ó ṣáná sí ọkọ̀. "Ọkọ èmi náà ì bá fẹ́ kí ẹnì kan ní kó jókòó, kó máa mí."

Akọ̀wé wọnú ọkọ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Síbẹ̀ ó padà lọ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó sì ń lọ. Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì náà bẹ̀rẹ̀ sí í yé e díẹ̀díẹ̀, pàápàá nígbà tó rí i pé ọjọ́ tí òun bá dúró nígbà tí agbára ṣì kù díẹ̀, òun máa ń lè dìde lọ́jọ́ kejì. Ó ti lè rìn dé géètì. Ó ti lè jókòó ti ìyá rẹ̀ ní ilé ìdáná kó bá a ṣa nǹkan. Ohun tí kò lè fara dà ni ìdákẹ́jẹ́ inú ọkọ̀ yẹn, àlọ àti àbọ̀. Bí obìnrin náà bá tilẹ̀ bú u, á sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kun pálọ̀ ilé ara rẹ̀ kó tó kú. Ó kun ògiri mẹ́ta, ó ku ọ̀kan àti òkè àjà. Láti ìgbà náà ni Sájẹ́ǹtì ti kó gbogbo àga sí àárín pálọ̀, tó fi aṣọ bò wọ́n, tó sì ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá lọ sí yàrá bí ẹni tó wọ̀ sí ilé onílé. Akọ̀wé rò ó títí. Lọ́jọ́ kan tí Sájẹ́ǹtì ti lọ síbi iṣẹ́, ó mú kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ gba atẹ́gùn díẹ̀, ó sì wọ ọkọ̀ lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Àkàbà ṣì wà ní ẹ̀yìnkùlé. Ó ṣí ọ̀dà, ó rò ó, ó gun òkè. Ó yà á lẹ́nu pé apá rẹ̀ ṣì mọ iṣẹ́ náà. Fún ìgbà díẹ̀, inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń súfèé. Ó mọ ibi tó yẹ kí òun ti dúró, ó mọ̀ ọ́n dáadáa, ó sì kọjá ibẹ̀. Ó kun ògiri náà láti òkè délẹ̀.

Nígbà tí Sájẹ́ǹtì wọlé, ìdí àkàbà ló bá a, ó jókòó sílẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì wà lórí itan rẹ̀, ìka rẹ̀ kò lè dì í mú mọ́. Obìnrin náà wo ògiri. Ó wo àkàbà. Ó wá wo Akọ̀wé.

"O lè gun àkàbà," ló wí.

Láti ọjọ́ tó ti wọlé wọn, kò sọ "o" fún un rí. Àwọn méjèèjì ló gbọ́ ọ.

"Ìyàwó wa—"

"O lè gun àkàbà! Láti ìgbà wo? Láti ìgbà wo lo ti lè gun ún, tí ọkọ mi ń gun tirẹ̀, tó ń gun tìẹ, tó ń wọlé wá bá mi tí kò lè gbé apá bọ aṣọ, tó ní kí n má ṣèyọnu, pé ara Akọ̀wé ò yá? Wo ògiri! O kùn ún tán!"

Akọ̀wé fẹ́ fèsì, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ ti wúwo bí igi. Ó kàn ń mi orí. Sájẹ́ǹtì fi ọwọ́ sí abẹ́ apá rẹ̀, ó gbé e sínú ọkọ̀ bí ẹní gbé ẹrù aṣọ tútù, ó wà á lọ sílé ìyá rẹ̀, ó sì tún gbogbo ọ̀rọ̀ náà sọ lẹ́nu ọ̀nà, "o" náà wà níbẹ̀.

Ìyá gbọ́ ọ títí dé ìparí. Ó ní, "Mo ti gbọ́. Méjì ni mo bí. Bá mi gbé èyí wọlé."

Sájẹ́ǹtì bá a gbé e wọlé, ó sì lọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, ìyá pè é lórí fóònù níbi iṣẹ́. Kò kí i, kò béèrè ara. "Wá wò ó," ló wí, ó sì pa fóònù.

Wọ́n ti fa kọ́tìnì pa nínú yàrá Akọ̀wé nítorí ìmọ́lẹ̀ ń dùn ún lójú. Ó dùbúlẹ̀ ṣánṣán, ojú rẹ̀ ti wọnú. Ìyá fi apá kan gbé ọrùn rẹ̀ sókè, ó ń fi ṣíbí fún un lómi, omi náà sì ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ nítorí gbígbé e mì pàápàá ti di iṣẹ́. Sájẹ́ǹtì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ti ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn aláìsàn láti ìgbà tó ti wà ní ọ̀dọ́, ó mọ àbàwọ́n oríṣiríṣi, ṣùgbọ́n kò dúró wo ẹni tó dùbúlẹ̀ lórí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ rí tó báyìí. Kò sí bí èèyàn ṣe lè díbọ́n irú èyí.

Akọ̀wé rí òjìji rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ mì. Sájẹ́ǹtì ní láti sún mọ́ ọn kó tó gbọ́.

"Igun ògiri yẹn," ni Akọ̀wé ń wí. "Ọ̀dà rẹ̀ ò dọ́gba."

Ẹ̀rín pa Sájẹ́ǹtì láìròtẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà inú bí i pé òun rẹ́rìn-ín, ó jáde.

Lọ́jọ́ tí ó yẹ kó gbé Akọ̀wé lọ síbi eré ìdárayá, òun nìkan ló lọ. Ó wọnú yàrá ẹ̀yìn ilé ìkàwé pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, ó dúró síwájú nọ́ọ̀sì náà.

"Ẹni tí mò ń gbé wá kò lè dìde. Mo fẹ́ mọ ohun tí èèyàn lè ṣe fún un."

"Ẹ jókòó," ni nọ́ọ̀sì wí.

"Mi ò wá jókòó, mà."

"Mo rí i bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣáà jókòó." Nígbà tó jókòó tán, obìnrin náà wò ó láti iwájú, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. "Èjìká yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí. Láti ìgbà wo?"

Sájẹ́ǹtì fẹ́ sọ pé bí èjìká òun ti rí nìyẹn. Ó wá rí i pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kó gbé ọwọ́ lé itan, kó mí síta, kó má fi agbára sọ èjìká náà kalẹ̀, kó kàn yọ̀ǹda rẹ̀ díẹ̀. Ó yọ̀ǹda rẹ̀ díẹ̀. Kò sunkún. Ìbínú ló jáde, ó jáde pẹ̀lú ariwo.

"Inú ń bí mi! Inú ń bí mi sí àbúrò ọkọ mi. Inú ń bí mi sí ọkọ mi jù ú lọ! Ṣé ẹnu ń dùn ún ni? Kí ló dé tí kò sọ pé ó rẹ òun? Èmi àti ẹ̀ ló jọ ń sùn!"

Nọ́ọ̀sì kò wàásù fún un. "Ẹ mí síta," ló wí. "Ẹ tún mí síta."

Bàbá onímọ́tò jí gìrì lórí ẹní rẹ̀. "Ta ló fẹ́ sọ̀ kalẹ̀?" ló béèrè. Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà ní òun ò sùn rárá, èrò ni òun ń dúró dè. Sájẹ́ǹtì bá wọn rẹ́rìn-ín, àárín ẹ̀rín yẹn ni ẹkún ti wá ká a mọ́. Wọ́n fi í sílẹ̀ kó sun ún.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó fa àga sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì Akọ̀wé.

"Wọ́n ní bí ẹ bá wà ní ìdùbúlẹ̀, ìka nìkan ni. Ọwọ́ kan. Ẹ ṣí i bí ẹ bá ń mí wọlé, ẹ jẹ́ kó padà fúnra rẹ̀ bí ẹ bá ń mí síta. Ẹ ò gbọ́dọ̀ dì í."

Ó na ọwọ́ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ti Akọ̀wé kó lè rí i. Ìka Akọ̀wé ṣí díẹ̀, ó padà. Ó tún ṣí. Lẹ́yìn ìyẹn Sájẹ́ǹtì ní ó tó.

"Ṣé ó sọ fún yín rí pé ó rẹ òun?" ni Sájẹ́ǹtì béèrè.

"Rárá." Ohùn Akọ̀wé kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sí etí lọ. "Ṣé ó sọ fún ẹ̀yin?"

"Rárá."

"Mo máa ń bi í. Ó ní irin ni ara òun."

"Irin." Sájẹ́ǹtì pòṣé. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì náà. "Mi ò ní purọ́ fún yín. Mi ò tíì lè sọ pé ọwọ́ yín ò sí níbẹ̀."

"Èmi náà ò tíì lè sọ ọ́," ni Akọ̀wé wí, ó sì pa ojú dé nítorí ọ̀rọ̀ náà ti tán an lágbára.

Ó pẹ́ kí Akọ̀wé tó dìde. Nígbà tó sì dìde, kò padà sí bó ti wà kó tó lọ kun ògiri náà, dókítà sì sọ fún un láìfi bò pé ó ṣeé ṣe kó má padà síbẹ̀ mọ́. Ìyẹn jẹ́ ọ̀fọ̀ mìíràn fún un, ọ̀fọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í wá kí èèyàn fún. Ẹni tó ń ta ọ̀dà fún wọn tẹ́lẹ̀ ní kó máa wá jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù òun láàárọ̀ tí ara rẹ̀ bá gbà, kó máa bá òun yan àwọ̀ pọ̀ fún àwọn oníbàárà. Àárọ̀ mìíràn ara rẹ̀ gbà, òmíràn kò gbà.

Sájẹ́ǹtì kì í dúró níta mọ́. Ó ń bọ́ bàtà, ó ń wọlé, ó sì ń gba ẹní tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Àwọn ọ̀sẹ̀ kan wà tí òun àti Akọ̀wé ń sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọ̀nà, nípa oníbàárà tó fẹ́ kí wọ́n bá òun po àwọ̀ tí òun rí lójú àlá, nípa ẹ̀rọ tó jó aṣọ nílé ìfọṣọ. Àwọn ọ̀sẹ̀ kan wà tí ìbínú náà ń padà wá, láìsí ìdí, bí ẹ̀fọ́rí.

Nínú irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ti ibẹ̀ bọ̀, tí Akọ̀wé sọ pé ara òun fúyẹ́ lónìí. Sájẹ́ǹtì ní, "Ó dáa fún yín." Bó ṣe sọ ọ́ ló burú. Akọ̀wé ní kó dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn. Kò rìn jìnnà. Ó jókòó sí etí títì, ó gbé orí lé eékún.

Sájẹ́ǹtì wò ó láti inú ọkọ̀. Ó rò ó pé kí òun máa lọ, ọwọ́ rẹ̀ tiẹ̀ ti wà lórí jíà. Nígbà tó yá ó pa ọkọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ jókòó ti Akọ̀wé lórí kọnkéré náà. Kò bẹ̀ ẹ́. Akọ̀wé náà kò gbé orí sókè.

Ọkùnrin kan tó ń fi okùn fa ajá kọjá, ó wo àwọn méjèèjì, ó wo ọkọ̀ ọlọ́dà tó dúró sí ìdábùú. "Ṣé kò sí o? Ṣé ọkọ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀?"

"Rárá o," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Ó rẹ̀ wá ni."

"Ẹ pẹ̀lẹ́," ni ọkùnrin náà wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Wọ́n jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi kúrò lójú títì. Akọ̀wé ló kọ́kọ́ na ọwọ́ pé kí Sájẹ́ǹtì fa òun dìde, Sájẹ́ǹtì náà sì ní láti gbára lé e kó tó lè dìde, nítorí ẹsẹ̀ ti kú mọ́ ọn lábẹ́. Ìyá ti wà lẹ́nu géètì nígbà tí wọ́n dé, ó ń bi wọ́n ohun tó dá wọn dúró. Akọ̀wé ṣì di apá Sájẹ́ǹtì mú. Ìyá wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó yà kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n lè kọjá.